Bàtà Tó Ń Lọ sí Wick

Mo ta bàtà bọ́ọ̀lù Múyìwá,
èyí tó wọ̀ ní sáà kan péré
kí àtàǹpàkò rẹ̀ tó máa ti imú bàtà.
Pọ́n-ùn méjìlélógún.
Obìnrin kan ní Wick ló rà á, ní ìpẹ̀kun Scotland lọ́hùn-ún,
níbi tí ọ̀nà ti tán tó wá dúró wo òkun.
Isobel Gunn. Ó ní ọmọ-ọmọ òun ń pé ọdún mẹ́sàn-án
lọ́jọ́ Sátidé.

Mo fi ìwé ìròyìn ki inú bàtà,
mo fi sẹ̀lótéèpù dì í bí ẹni di ọgbẹ́,
mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù Dhillon níbí ní Hull,
níbi tí póòsì ti ń bá wàrà àti oúnjẹ ológbò gbé.
Ó ní, "Ṣé èyí tí a lè tọpa ni, àbí èyí lásán?"
Ohun tó wà láàárín méjèèjì ò ju owó búrẹ́dì kan àbọ̀ lọ.
Òjò ń rọ̀. Mo ro owó gáàsì.
Mo ní, "Lásán."

Ọjọ́ kẹsàn-án, ó kọ̀wé:
"Wọn ò tíì mú un dé o. Mi ò fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu."
Ì bá bú mi, ì bá dára.
Ẹni tó bú ni, a ó bú u padà, gbèsè a di ìjà,
ìjà a sì gbé gbèsè mì.
Mo wá rìsíìtì. Àpò aṣọ iṣẹ́ mi ni mo ti rí i,
ẹ̀rọ ìfọṣọ ti fọ̀ ọ́ di funfun báláú:
ẹlẹ́rìí mi kan ṣoṣo, ó ti gbàgbé ohun tó rí.

Colin, ará ilé kejì, ní kí n má dá a lóhùn.
"O kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù. Ìgbà tí o ti fi lé póòsì lọ́wọ́,
ó ti kúrò lọ́rùn ẹ."
Bóyá òfin wà lẹ́yìn Colin. Mi ò mọ̀.
Ohun tí mo mọ̀ ni pé èmi ni mo gba owó,
èmi ni mo yan ọ̀nà,
èmi ni mo sọ pé lásán.
Isobel ò mọ Dhillon rí.

Ìyá mi a máa fi obì ránṣẹ́ sí Kánò láti Ṣàgámù,
agbọ̀n mẹ́fà nínú ọkọ̀ ojú irin.
Lọ́dún kan, omi wọ inú ọkọ̀ ẹrù ní Jẹ́bà.
Àlájì kọ̀wé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ìyá mi ní kó dákẹ́.
Ó ní, "Obì tí kò tíì kan ọwọ́ ẹni tó rà á, obì mi ni.
Tó bá jẹrà, ọwọ́ mi ló jẹrà sí."
Gàrí gbígbẹ la fi sùn fún oṣù kan gbáko.
Mi ò dárí jì í nígbà náà.
Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń dárí jì í.

Mo dá owó padà kí n tó wọṣẹ́ òru,
tòun ti owó póòsì.
Múyìwá ní, "Mọ́mì, ta ló wá ni bàtà náà báyìí?"
Ó wà níbì kan, lórí pẹpẹ irin, nínú òkùnkùn,
kò ní ẹlẹ́sẹ̀, kò ní olówó.

Ó di oṣù karùn-ún, káàdì dé láti Wick:
"Ó dé láná! Mo ti san owó rẹ padà.
Àmọ́ ẹsẹ̀ Callum ti dàgbà."

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, káàdì lọ́wọ́.
Bàtà dé, ẹsẹ̀ ti lọ.
Owó bàtà, a rí i san.
Ta ni yóò san owó ẹsẹ̀?
Mo mú bírò, mo ń kọ ọ́ pé
kó fi fún ọmọ mìíràn ládùúgbò,
mo tún pa á rẹ́.
Bàtà rẹ̀ ni. Ó ti kan ọwọ́ rẹ̀.